Igi Birch Kan Nínú Igbó: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ẹ̀dá Ìtàn Ilẹ̀ Rọ́ṣíà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin àbúrò. Ẹ ṣeun tí ẹ pa iṣẹ́ tì láti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ìwé. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí èrò ìjìnlẹ̀ tó wà lẹ́nu àwọn ẹ̀dá ìtàn nínú ìwé ìtàn àròsọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà àtijọ́. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí a lè parí ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo yọ nínú rẹ̀, òun náà ni mo sì máa tọ̀ láti ìwé dé ìwé: ta ni ká kà sí, ẹnì kan tó dúró níwájú ẹni, àbí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí à ń rò nínú orí wa?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó gbé èrò ìjìnlẹ̀ dé inú ìtàn. Lọ́dún 1848, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ káàkiri Yúróòpù, jìnnìjìnnì sì bá Tsar Nicholas Kìíní, ọba ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Nígbà tó di 1850, ìjọba rẹ̀ gba ẹ̀kọ́ fìlọ́sọ́fì kúrò lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, wọ́n fa ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù lé àwọn àlùfáà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ òṣèlú náà kò ṣeé kọ ní gbangba, torí àwọn òṣìṣẹ́ ọba máa ń yẹ ìwé wò kó tó jáde. Òǹkọ̀wé kan, Fyodor Dostoevsky, fojú winá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n mú un ní 1849 nítorí ẹgbẹ́ kan tó ń ka ìwé tí ìjọba kò fẹ́. Ní December 22 ọdún náà, wọ́n kó òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí gbàgede kan ní St Petersburg pé wọ́n fẹ́ yìnbọn pa wọ́n. Àwọn ṣọ́jà ti gbé ìbọn sókè kí wọ́n tó sọ fún wọn pé Tsar ti yí ìdájọ́ padà. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣẹ̀wọ̀n ní Omsk, ní Siberia.

Bí ọ̀rọ̀ tí ọ̀jọ̀gbọ́n kò lè sọ ní kíláàsì ṣe bọ́ sí ẹnu ẹ̀dá ìtàn nìyẹn. Àǹfààní ńlá ló sì tibẹ̀ jáde. Ẹni tó ń kọ ìwé fìlọ́sọ́fì lè sọ èrò rẹ̀ tán kó lọ sùn. Ẹni tó bá gbé èrò wọ ènìyàn lára kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: ẹni náà gbọ́dọ̀ jẹun, kó jẹ gbèsè, kó gba lẹ́tà ìyá rẹ̀, kí ìfẹ́ kó sí i lórí, kó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ibẹ̀ la ti máa ń mọ bí èrò náà ṣe tó.

Ọ̀dọ̀ Bazarov ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ jù. Ivan Turgenev gbé ìwé Àwọn Bàbá àti Àwọn Ọmọ jáde ní 1862, ọdún kan lẹ́yìn tí Tsar Alexander Kejì dá àwọn ẹrú oko sílẹ̀. Iṣẹ́ ìṣègùn ni Bazarov ń kọ́. Ó bá Arkady ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí oko bàbá Arkady, ó sì ń wọ inú àbàtà láàárọ̀ lọ mú àkèré tí yóò là wò. Ó ní onímọ̀ kẹ́místírì tó mọṣẹ́ wúlò ní ìlọ́po ogún ju akéwì èyíkéyìí lọ. Nihilist ni wọ́n ń pe irú rẹ̀: ẹni tí kì í tẹríba fún àṣẹ kankan, tí kì í gba ìlànà kankan gbọ́ kìkì nítorí pé àwọn èèyàn ń bọ̀wọ̀ fún un. Lọ́jọ́ kan, òun àti opó ọlọ́rọ̀ kan, Anna Odintsova, ń tàkúrọ̀sọ. Bazarov sọ fún un pé kò sídìí láti máa yẹ ènìyàn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọpọlọ, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró gbogbo wa rí bákan náà, téèyàn bá ti mọ ẹnì kan ó ti mọ gbogbo wọn. Ó ní bí igi inú igbó ni ènìyàn rí, kò sì sí onímọ̀ ewéko tí yóò jókòó ti igi birch kan péré.

Kò pẹ́ kò jìnnà, igi birch kan péré gbá ọkùnrin yìí mú. Ìfẹ́ Odintsova dè é mọ́lẹ̀, inú ń bí i sí ara rẹ̀, ó sọ ọ́ jáde lẹ́nu tìbínú-tìbínú, obìnrin náà kò sì gbà fún un. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ́wọ́ Turgenev nìyí: kò bá Bazarov jiyàn rárá. Ó kàn jẹ́ kó pàdé ẹnì kan. Bẹ́ẹ̀ náà ló jẹ́ kó pàdé ikú. Bazarov padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, ó lọ lọ́wọ́ sí yíyẹ òkú àgbẹ̀ kan tí àìsàn typhus pa, ọ̀bẹ gé e lọ́wọ́, dókítà agbègbè náà kò sì ní oògùn tí wọ́n fi ń jó ojú ọgbẹ́. Ó lé ní wákàtí mẹ́rin kó tó rí i lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Lórí ibùsùn ikú ló ti ń sọ pé Rọ́ṣíà nílò òun, ló tún kọ̀ ọ́: rárá, ó jọ pé kò nílò òun. Ta ló wá nílò? Ó ní oníbàtà, aránṣọ, alápatà. Ọkùnrin tó ní kò yẹ ká máa ka igi lọ́kọ̀ọ̀kan ń ka àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ̀mí ṣe ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́dún 1863, Nikolai Chernyshevsky kọ Kí Ni Ṣíṣe? láti inú àhámọ́. Lójú tèmi, ìtàn náà gbẹ, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ Rọ́ṣíà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tó ń kọ́ni ni pé bí ọmọ ènìyàn bá ti mọ ohun tó ṣe é láǹfààní gan-an, yóò ṣe é, ire tirẹ̀ àti ire gbogbo ayé yóò sì di ọ̀kan, títí a ó fi máa gbé nínú ààfin onídígí bí irú èyí tí wọ́n kọ́ sí London ní 1851. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Dostoevsky fún un lésì. Ó gbé ọkùnrin kan tí kò lórúkọ kalẹ̀, ó ní abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé, ẹlẹ́nu mímú ni, ó burú, ó sì gbọ́n. Ọkùnrin yìí ní èjì lọ́nà méjì jẹ́ ẹẹ́rin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ dùùrù tí ẹlòmíràn ń tẹ̀. Ènìyàn lè mọ̀ọ́mọ̀ yan ohun tí yóò pa á lára, kìkì kó lè fi hàn pé òun ló ni ara òun.

Ìṣirò yìí náà ló gbé àáké dání nínú Ẹ̀ṣẹ̀ àti Ìjìyà, ìwé Dostoevsky tó jáde ní 1866. Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Rodion Raskolnikov ti pa ẹ̀kọ́ òfin tì nítorí àìlówó. Yàrá kótópó kan lókè àjà ni ó ń gbé ní St Petersburg. Lọ́jọ́ kan, nínú ilé ọtí, ó gbọ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe ń bá ọ̀gá ṣọ́jà kan sọ̀rọ̀ nípa Alyona Ivanovna, ìyá arúgbó tó ń gba ohun ìdógò tó sì ń yáni lówó èlé. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ìkà ni ìyá náà, ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ló sì fẹ́ fi owó rẹ̀ sílẹ̀ fún. Ó ní ó máa ń lu Lizaveta, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọbàkan, ó sì ń lò ó bí ẹrú. Bí wọ́n bá pa á, tí wọ́n fi owó rẹ̀ gba ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́wọ́ ìyà, ṣé ọgọ́rùn-ún ẹ̀mí kò tó ẹ̀mí kan ni? Ó ní ìṣirò lásán ni. Raskolnikov jókòó síbẹ̀, ẹnu yà á, nítorí èrò yẹn gan-an ló ń hù lọ́kàn òun náà. Ó ti ka ìṣísẹ̀ láti ilé rẹ̀ dé ilé ìyá náà: 730 ni.

Ó pa ìyá náà. Lẹ́yìn náà ni Lizaveta wọlé, ìdì aṣọ ńlá lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílẹ̀ nínú àgbàrá ẹ̀jẹ̀. Kò sí nínú ìṣirò pé yóò wà nílé lákòókò yẹn. Àáké ti wà lókè. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa máa ṣe ni pé ká fi ọwọ́ bo ojú. Lizaveta kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan ló gbé sókè díẹ̀, kò dé ibi ojú, ó wá rọra nà án sí ọkùnrin náà bí ẹni tó fẹ́ tì í sẹ́yìn. Wọ́n ti dẹ́rù bà á jù láyé rẹ̀ débi pé kò mọ bí a ṣe ń gba ara ẹni sílẹ̀. Ẹ rántí pé ìyà tó ń jẹ obìnrin yìí wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí ìyá arúgbó náà lọ́rùn nínú ilé ọtí. Ẹni tí wọ́n ń káàánú ni àáké wá bá. Mo gbà pé ibí yìí ni ìwé náà ti sọ ohun tó fẹ́ sọ, gbogbo ojú ewé tó kù kàn ń dúró kí Raskolnikov gbọ́ ọ ni.

Ó pẹ́ kó tó gbọ́. Ó ti kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn, pé oríṣi ènìyàn méjì ló wà: àwọn tí wọ́n wà fún ìgbọràn, àti àwọn díẹ̀ bíi Napoleon ọba Faransé tí wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti tẹ ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá bí iṣẹ́ ńlá bá pè wọ́n. Porfiry Petrovich, tó ń ṣèwádìí ẹ̀sùn náà, bi í tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀ pé báwo la ṣe máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Ṣé wọ́n ní àmì lára ni? Nígbà tó wá ń jẹ́wọ́ fún Sonya, ọmọbìnrin tó ń ṣe aṣẹ́wó kí àwọn aráalé rẹ̀ lè rí nǹkan jẹ, kò rí ìdí kan dì mú. Ó ní nítorí ìyá òun, ó ní rárá. Ó ní nítorí owó, ó ní rárá. Níkẹyìn ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá kòkòrò ni òun àbí ènìyàn. Ọgọ́rùn-ún ẹ̀mí ti dàwátì nínú ọ̀rọ̀ náà! Àpò owó tó jí, kò tilẹ̀ ṣí i wò. Ìgbà ẹjọ́ ni wọ́n tó mọ̀ pé ruble 317 àti ẹyọ owó kópékì ogún-ogún mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, lábẹ́ òkúta tó gbé e sí.

Níbi ẹjọ́ yẹn kan náà ni àwọn ẹlẹ́rìí ti sọ nǹkan tí Raskolnikov kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó wà ní yunifásítì, oṣù mẹ́fà gbáko ló fi ń pín ìwọ̀nba owó ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń pa lọ. Ìgbà tí ẹni náà kú, ó tọ́jú bàbá rẹ̀, ó sì sin ín nígbà tí òun náà kú. Obìnrin onílé tó gbà á sílé tẹ́lẹ̀ jẹ́rìí pé ó wọ inú iná lóru, ó gbé ọmọ kékeré méjì jáde, iná sì jó o. Kò ka ìṣísẹ̀ kankan kó tó ṣe ìwọ̀nyẹn. Kò kọ àpilẹ̀kọ lé wọn lórí.

Ọ̀rọ̀ ìparí ìwé náà, níbi tí ọkàn Raskolnikov ti yí padà lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́wọ̀n ní Siberia, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ó yá jù. Ọkùnrin tó fi odindi ìwé kan jiyàn kò yẹ kó juwọ́ sílẹ̀ láàárín ojú ewé méjì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Lizaveta ò kúrò níbi tó wà.

Ẹ wá jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ Leo Tolstoy. Nínú Ogun àti Àlàáfíà, tó jáde láàárín 1865 sí 1869, Napoleon wọ Moscow ní 1812, ìlú sì gbiná. Àwọn ọmọ ogun Faransé mú ọmọ Rọ́ṣíà kan, Pierre Bezukhov, pé ó wà lára àwọn tó ń dáná sun ilé, wọ́n mú un dé iwájú Davout, ọ̀gágun tí gbogbo ayé mọ̀ sí aláìláàánú. Davout gbójú kúrò nínú ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ìwé tí ẹ̀mí ènìyàn ti di nọ́ńbà nínú rẹ̀. Ní ìwò àkọ́kọ́ yẹn, Tolstoy ní Pierre kò ju ọ̀ràn kan lásán lọ lójú rẹ̀. Ó lè ní kí wọ́n yìnbọn pa á kí ọkàn rẹ̀ má sì dá a lẹ́bi. Ó tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn méjèèjì wo ara wọn fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, wọ́n sì rí i pé ọmọ ènìyàn làwọn méjèèjì. Àwọn àgbà wa ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Tolstoy ní ìwò yẹn ló gba Pierre là.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, ẹ̀kọ́ dídùn ni ì bá jẹ́, Tolstoy kò sì fún wa ní ẹ̀kọ́ dídùn. Wọ́n kó Pierre àti àwọn yòókù lọ sí pápá, òun ló ṣe ẹni kẹfà lórí ìlà. Wọ́n yìnbọn pa àwọn márùn-ún tó wà níwájú rẹ̀. Ẹni karùn-ún jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n fi aṣọ dì í lójú, òun fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ sẹ́yìn tún kókó aṣọ náà ṣe, torí ó ń dùn ún lẹ́yìn orí. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti òpó, ó tún ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé kó lè dúró dáadáa. Ṣé àwọn ṣọ́jà náà kò rí i ni? Wọ́n rí i. Ojú wọn funfun, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe é, síbẹ̀ wọ́n ṣe é. Pierre bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ pé ta gan-an ló ń ṣe nǹkan yìí, kò sì rí ẹnì kan tọ́ka sí. Àṣẹ ń ti òkè bọ̀, ètò ń lọ. Mo rò pé gbogbo ẹni tó bá ti dé orí tábìlì òṣìṣẹ́ ìjọba rí yẹ kó ka ojú ewé yẹn.

Lórí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ni Ivan Ilyich ti lo ayé rẹ̀. Ikú Ivan Ilyich, ìwé Tolstoy tó jáde ní 1886, kò gùn, kò sì sí gbólóhùn kan tó ṣeé yọ kúrò nínú rẹ̀. Adájọ́ ni Ivan Ilyich. Ó mọ bí a ṣe ń yọ gbogbo ohun tó jẹ́ ti ènìyàn kúrò nínú ẹjọ́ títí tí ìwé nìkan yóò fi ṣẹ́ kù. Ó ń fi bí a ṣe ń ta kọ́tìnnì han òṣìṣẹ́ kan nínú ilé tuntun rẹ̀, ó yọ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ gbá férémù fèrèsé, àìsàn tibẹ̀ wọlé. Dókítà tó lọ bá wò ó bí òun náà ṣe ń wo àwọn ẹlẹ́jọ́: ọ̀rọ̀ kídìnrín ló ń sọ, kò sọ bóyá yóò yè.

Gbogbo wa la mọ̀ pé kò sí awáyé-má-kùú. Ivan Ilyich náà mọ̀ ọ́n láti ilé ìwé, nínú ìwé ẹ̀kọ́ nípa ìrònú: Caius jẹ́ ènìyàn, ènìyàn a máa kú, nítorí náà Caius yóò kú. Kò rí àléébù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kì í ṣe Caius! Òun ni Vanya ọmọ màmá rẹ̀. Ṣé Caius ló gbọ́ òórùn bọ́ọ̀lù aláwọ yẹn tí Vanya fẹ́ràn? Ṣé Caius ló fẹnu ko ọwọ́ màmá bẹ́ẹ̀, tí aṣọ sílíìkì màmá sì ń dún wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀ létí rẹ̀? Kò sí ojú ewé mìíràn tí mo mọ̀ tó gbé ohun tó wà láàárín gbogbo ènìyàn àti ẹnì kan síwájú ènìyàn báyìí. Gbogbo ará ilé ń purọ́ fún un pé ara rẹ̀ ń yá. Gerasim nìkan, ọmọ oko tó ń gbé ìgbẹ́ rẹ̀ dànù, ni kò purọ́. Ó máa ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ lé èjìká láti ìrọ̀lẹ́ dé òru nígbà mìíràn, torí ó ń mú kí ìrora náà rọlẹ̀. Ó ní gbogbo wa la máa kú, kí ló dé tí òun kò ní ṣe wàhálà díẹ̀? Ọ̀rọ̀ ìwé Caius náà ló sọ yìí, ẹsẹ̀ ẹnì kan ló sì wà ní èjìká rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Mo ti fi èyí tó le jù sẹ́yìn. Nínú Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Karamazov, ìwé Dostoevsky tó jáde láàárín 1879 sí 1880, Ivan Karamazov jókòó pẹ̀lú Alyosha àbúrò rẹ̀, tó fẹ́ di ajẹ́jẹ̀ẹ́. Ó sọ ìtàn ọmọ ẹrú oko kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọmọ náà sọ òkúta níbi tó ti ń ṣeré, òkúta bá ajá ọdẹ tí ọ̀gágun olóko náà fẹ́ràn lẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ọ̀gágun ní kí wọ́n bọ́ ọmọ náà síhòòhò, kí wọ́n ní kó sáré, ló bá tú gbogbo ajá sí i lójú ìyá rẹ̀. Ivan bi Alyosha pé kí ni kí wọ́n ṣe fún ọkùnrin náà? Alyosha onínúure dáhùn pé: kí wọ́n yìnbọn pa á.

Ivan kò sọ pé Ọlọ́run kò sí. Ohun tó sọ wúwo ju ìyẹn lọ. Ó ní bí ìyà ọmọ yẹn bá jẹ́ owó tí a máa san kí gbogbo ayé tó lè wà ní ìrẹ́pọ̀ lọ́jọ́ ìkẹyìn, owó náà ti pọ̀ jù, òun dá tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé òun padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ fi èyí wé Raskolnikov. Raskolnikov ní ẹnì kan kò tó ọgọ́rùn-ún. Ivan ní ọmọ kan péré ju gbogbo ìdùnnú ayé àti ọ̀run lọ. Òǹkọ̀wé kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Onígbàgbọ́ ni Dostoevsky, ó sì ti sin Alyosha ọmọ tirẹ̀, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ní 1878. Síbẹ̀ ẹni tí kò fara mọ́ ló gbé ọ̀rọ̀ tó lágbára jù nínú ìwé náà sí lẹ́nu. Ní 1879 ó kọ lẹ́tà pé ẹ̀rù ń ba òun bóyá ìdáhùn tí òun gbé sí ẹnu Zosima, bàbá àgbà ajẹ́jẹ̀ẹ́ náà, yóò tó.

Ohun tí mo rí nìyí: ọ̀rọ̀ Ivan fúnra rẹ̀ kò yẹ̀, ìgbésí ayé rẹ̀ ló ń yẹ̀. Zosima ti sọ̀rọ̀ ṣáájú nípa dókítà kan tó ní bí òun ṣe ń nífẹ̀ẹ́ aráyé tó, bẹ́ẹ̀ ni òun kì í lè gbé yàrá kan náà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni fún ọjọ́ méjì: eléyìí ń jẹun pẹ́ jù, tọ̀hún ní ọ̀fìnkìn ó sì ń fun imú ṣáá. Bẹ́ẹ̀ ni Ivan rí. Ní alẹ́ òtútù kan, ó ń lọ bá Smerdyakov, ìránṣẹ́ ilé wọn. Àgbẹ̀ kan tó mutí yó ń kọrin lọ lójú ọ̀nà, ó kọ lu Ivan, Ivan bá tì í ṣubú. Ó wò ó nílẹ̀, ó ní òtútù yóò pa á, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó dé ilé Smerdyakov. Ìránṣẹ́ náà rọra ki ọwọ́ bọ inú ìbọ̀sẹ̀ funfun rẹ̀, ó yọ ìdì owó kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ruble, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní òun lòun pa bàbá Ivan, ṣùgbọ́n Ivan ló kọ́ òun pé bí kò bá sí Ọlọ́run, kò sí ohun tó jẹ́ èèwọ̀.

Nígbà tí Ivan ń padà bọ̀, ó tún bá àgbẹ̀ náà nínú yìnyín níbi tó fi í sí. Ó gbé e. Ó kan ilẹ̀kùn ilé kan, ó ṣèlérí ruble mẹ́ta fún onílé kó bá òun gbé e dé àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì dúró títí dókítà fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tó nǹkan bíi wákàtí kan tó lò lórí ọkùnrin tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, nílé ẹjọ́ níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ikú bàbá wọn, ọpọlọ rẹ̀ dàrú.

Àwọn kan máa ń sọ pé Dostoevsky ti fèsì fún Ivan, ọ̀rọ̀ ti parí. Èmi ò gbà. Àgbẹ̀ kan tí kò kú sínú yìnyín kò dá ọmọ tí ajá fà ya padà fún ìyá rẹ̀. Ivan kò gba tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà, kò sì sẹ́ni tó lè fipá fún un.

Fún àwọn tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé wọ̀nyí: ẹ ti orí Ikú Ivan Ilyich bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ méjì tó o. Lẹ́yìn náà ẹ ka Bazarov, kí ẹ tó bọ́ sọ́dọ̀ Raskolnikov. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ lé yín sá. Orúkọ ẹni, orúkọ tí wọ́n fà yọ lára ti bàbá ẹni, àti orúkọ ìdílé ni wọ́n ń jẹ́. Romanovich tó wà nínú orúkọ Raskolnikov túmọ̀ sí pé Roman ni bàbá rẹ̀, Rodya sì ni ìyá rẹ̀ ń pè é nílé. Ẹ kọ wọ́n sí ìwé pélébé kan, kí ẹ fi há àárín ìwé. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn Karamazov, ẹ má ṣe fo orí tí Ivan ti ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, bó ti wù kó nira tó.

Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín báyìí, pàápàá ẹni tó bá rò pé Ivan jẹ̀bi. Ta ló fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?